Ó Rẹ Àwọn Ẹfọ̀n, Síbẹ̀ Wọ́n Yí Padà

Orúkọ ọmọbìnrin yìí ni Ṣàrífátù. Ọmọ ọdún méje ni. Àdúgbò Agla ló ń gbé, ní ìlú Kútọnu.

Ọjọ́rú ni òní. Ó rẹ Ṣàrífátù.

Kò sùn dáadáa. Iná lọ. Fáànù dúró. Ooru mú.

Ẹ̀fọn sì ń kọrin létí rẹ̀. Yìììì! Yìììì!

Ṣàrífátù gbá a. Pá!

Ẹ̀fọn fò lọ. Ẹ̀fọn tún padà wá. Yìììì!

Ó rẹ Fàtáì náà. Fàtáì ni àbúrò Ṣàrífátù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yán. Ààà!

Ó rẹ màmá wọn. Ilé ìwòsàn ni màmá ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò tíì bọ́ bàtà tán tí oorun fi gbé e lọ. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀. Bàtà kan wà nílẹ̀.

Ó rẹ Ìyá Kétu. Ìyá Kétu ni ìyá àgbà wọn. Ìlú Kétu ló ti wá, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kétu jókòó sórí àpótí. Ó fẹ́ dìde.

"Yéè! Orúnkún mi!" Ó tún jókòó.

"Ìyá Kétu," ni Ṣàrífátù wí, "ṣé ẹ ti gbàgbé? Màdáàmù Àánú fẹ́ fi fíìmù hàn wá lónìí. Wọ́n ní ká mú ará ilé dání wá."

Màdáàmù Àánú ni olùkọ́ Ṣàrífátù.

"Fíìmù kí ni?" ni Ìyá Kétu béèrè.

"Fíìmù ẹfọ̀n ni."

Fàtáì bú sẹ́kún. "Mi ò lọ! Mi ò fẹ́ wo ẹ̀fọn! Ẹ̀fọn ti jẹ mí!"

Ó na ẹsẹ̀ jáde. Ojú ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ wú. Kókó níbí. Kókó lọ́hùn-ún.

Ìyá Kétu rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹfọ̀n ni, ẹran igbó. Ó tóbi bíi màlúù. Ìwo rẹ̀ rí báyìí."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí. Ó tẹ̀ wọ́n bí ìwo.

Fàtáì nu imú. "Ṣé òun náà máa ń jẹni lẹ́sẹ̀?"

"Koríko ló ń jẹ."

Fàtáì ronú. "Ó dáa. Mo máa lọ."

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, màmá ṣì ń sùn. Wọn kò jí i.

Ìyá Kétu gbé àpò. Ó da ìborùn bo èjìká. Fàtáì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n jáde.

Ilé ìwé kò jìnnà sí ẹni tí ara rẹ̀ le. Lónìí, ó jìnnà.

Yanrìn kún ojú ọ̀nà. Yanrìn náà gbóná. Bàtà Ìyá Kétu ń wọ́ nínú yanrìn. Wọ́ọ́... wọ́ọ́... wọ́ọ́...

Ṣàrífátù sáré síwájú. Ó dúró. Ó wẹ̀yìn.

"Ìyá Kétu, ẹ máa bọ̀!"

"Máa lọ," ni Ìyá Kétu wí. "Mò ń bọ̀."

Ṣàrífátù tún sáré. Ó tún dúró. Ó tún wẹ̀yìn.

"Ìyá Kétu, ẹ máa bọ̀ o!"

"Máa lọ. Mò ń bọ̀."

Wọ́ọ́... wọ́ọ́... wọ́ọ́...

Wọ́n dé ọ̀nà ńlá tó lọ sí Godomey. Ọ̀nà náà fẹ̀ gan-an. Alùpùpù ń lọ. Alùpùpù ń bọ̀. Fùùùn! Fùùùn!

Ọlọ́pàá kan dúró sójú títì. Ó fọn fèrè. Fííì! Ó gbé ọwọ́ sókè. Alùpùpù dúró.

Ṣàrífátù kọjá. Fàtáì kọjá. Ìyá Kétu kọjá, díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n dé ilé ìwé. Àwọn ọmọ ti kún inú kíláàsì. Àgbàlagbà díẹ̀ wà láàárín wọn. Benjamin wà níbẹ̀. Rùkáyátù wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ Ṣàrífátù ni àwọn méjèèjì. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé.

Màdáàmù Àánú ta aṣọ sójú fèrèsé. Inú kíláàsì ṣókùnkùn. Ó tan ẹ̀rọ kékeré kan. Àwòrán hàn lára ògiri.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, eruku nìkan ni. Eruku pupa.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ìró. Gbì. Gbì. Gbì-gbì. Gbì-gbì-gbì-gbì!

Ẹfọ̀n jáde látinú eruku! Ọ̀kan. Òmíràn. Òmíràn. Ẹfọ̀n kún ògiri láti ìhín dé ọ̀hún.

Fàtáì fi ojú pamọ́ sínú ìborùn Ìyá Kétu. Lẹ́yìn náà, ó yọ ojú kan. Lẹ́yìn náà, ó yọ ìkejì.

Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà. Èdè Faransé ló ń sọ. Màdáàmù Àánú ń tún un sọ ní Nàgó, Yorùbá ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí àwọn àgbàlagbà lè gbọ́.

"Láyé àtijọ́," ni Màdáàmù wí, "ẹfọ̀n pọ̀ nínú igbó. Wọ́n pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n."

"Lẹ́yìn náà, àìsàn dé. Ara màlúù ló ti ràn wọ́n. Ẹfọ̀n kan ṣubú. Ẹfọ̀n mìíràn ṣubú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹfọ̀n ṣubú."

Màdáàmù na ìka sí ògiri.

"Àwọn tó ní ìbọn tún dé. Gbàù! Gbàù! Ẹfọ̀n ń sá síhìn-ín. Ẹfọ̀n ń sá sọ́hùn-ún. Wọ́n kù díẹ̀."

Lára ògiri, ẹfọ̀n kan ṣoṣo dúró lábẹ́ igi. Egungun ìhà rẹ̀ yọ síta. Ó sorí kọ́. Kò jẹ koríko. Kò rìn.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu," ni Ìyá Kétu sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Pẹ̀lẹ́ o, ẹran Ọlọ́run."

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Fàtáì wí.

Màdáàmù Àánú mu omi. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ há. Ó tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Àwọn ènìyàn kan wá sọ pé: Ó tó gẹ́ẹ́! Wọ́n ya igbó sọ́tọ̀ fún wọn. Wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Ẹfọ̀n rí ibi sinmi. Ẹfọ̀n bímọ. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n bímọ."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?" ni Benjamin béèrè.

"Wọ́n wà níbi púpọ̀. Wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè tiwa náà. Wọ́n wà lókè lọ́hùn-ún, ní igbó Pẹnjárì."

"Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí?"

"Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí."

"Háà!" ni gbogbo kíláàsì wí.

Fíìmù ń lọ. Oòrùn mú nínú fíìmù náà bó ṣe mú lóde. Agbo ẹfọ̀n ń wá omi lọ. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń rìn. Ó ti rẹ̀ wọ́n.

Gbì... gbì... gbì...

Ọmọ ẹfọ̀n kan wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Ó rìn díẹ̀. Ó dúró. Ó rìn díẹ̀. Ó dúró.

Agbo ń lọ. Ọmọ ẹfọ̀n kù sẹ́yìn.

Koríko mì. Ṣìì... ṣìì...

"Kìnnìún!" ni Rùkáyátù kígbe.

Kìnnìún fò jáde! Ọmọ ẹfọ̀n ké. "Mùúùù!"

Àwọn tó wà níwájú gbọ́. Wọ́n dúró. Omi ti wà níwájú wọn báyìí. Omi náà ń dán. Òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n.

Wọ́n wo omi. Wọ́n wo ẹ̀yìn.

Wọ́n yí padà! Gbogbo wọn! Gbì-gbì-gbì-gbì-gbì!

Kìnnìún rí wọn. Kìnnìún rí ìwo. Ìwo pọ̀! Kìnnìún ki ìrù bọ itan, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Àwọn ẹfọ̀n fi ọmọ sí àárín. Àwọn ńlá dúró yí i ká. Wọ́n kọjú ìwo sí ìta.

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Pá-pá-pá-pá! Fàtáì pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Ṣàrífátù nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó na ọwọ́ sókè.

"Màdáàmù, ṣé kò rẹ̀ wọ́n ni?"

"Ó rẹ̀ wọ́n."

"Ṣé òùngbẹ kò gbẹ wọ́n?"

"Ó gbẹ wọ́n gan-an."

"Kí ló dé tí wọ́n fi yí padà?"

Màdáàmù Àánú jókòó létí tábìlì. 

"Ọ̀kan nínú wọn ló kù sẹ́yìn," ló wí. "Ó rẹ̀ wọ́n, síbẹ̀ wọ́n yí padà."

Fíìmù parí. Màdáàmù ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Gbogbo wọn ń ṣẹ́jú. Ó tó àkókò láti lọ sílé.

Ọ̀nà ilé kò kúrú ju ọ̀nà ilé ìwé lọ.

Yanrìn ṣì gbóná. Ebi ń pa Ṣàrífátù. Orí ń fọ́ ọ díẹ̀. Benjamin àti Rùkáyátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.  Wọ́n kàn ń rìn.

Ìyá Kétu àti Fàtáì wà lẹ́yìn. Wọ́ọ́... wọ́ọ́... wọ́ọ́...

"Ìyá Kétu, ẹ máa bọ̀!" Ohùn Ṣàrífátù le díẹ̀. "Ebi ń pa mí!"

"Máa lọ. Mò ń bọ̀."

Ṣàrífátù kò dúró mọ́. Kò wẹ̀yìn mọ́. Ó yà ní kọ̀rọ̀ kan. Ó yà ní kọ̀rọ̀ kejì.

Wọ́n dé ọ̀nà ńlá. Ọlọ́pàá ti lọ. Àwọn alùpùpù kò dúró. Fùùùn! Fùùùn! Pí-pí-pííì!

Ṣàrífátù wá wẹ̀yìn.

Ó rí yanrìn. Ó rí ewúrẹ́ kan. Kò rí Ìyá Kétu. Kò rí Fàtáì.

"Wọ́n ń bọ̀," ni Benjamin wí.

Wọ́n dúró. Ewúrẹ́ kọjá. Ọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ omi kọjá. Ìyá Kétu kò kọjá.

"Ó rẹ̀ mí," ni Rùkáyátù wí. "Mo fẹ́ lọ sílé."

Ṣàrífátù wo iwájú. Ó ń rí òrùlé ilé wọn lódìkejì ọ̀nà. Ilé ti sún mọ́. Oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹní wà níbẹ̀.

Ó wo ẹ̀yìn. Yanrìn gùn lọ bẹẹrẹ.

Ẹsẹ̀ ń ro ó. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

"Ó rẹ̀ mí," ni Ṣàrífátù wí. "Ṣùgbọ́n mò ń padà lọ mú wọn."

Benjamin mí kanlẹ̀. "Mò ń bá ọ lọ."

Rùkáyátù jókòó sórí òkúta. Ó wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó dìde.

"Ẹ dúró dè mí, jàre!"

Wọ́n dúró dè é. Gbogbo wọn padà.

Wọn kò sáré. Kò sí agbára tí wọ́n fẹ́ fi sáré. Wọ́n ń rìn ṣáá. Kọ̀rọ̀ kan. Kọ̀rọ̀ kejì.

Wọ́n rí Ìyá Kétu!

Ó jókòó sórí táyà àtijọ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì. Ó ti bọ́ bàtà. Orúnkún rẹ̀ wú bí ọsàn ńlá. Fàtáì ń sùn lórí itan rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìyá Kétu! Kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan. Máa lọ. Mò ń bọ̀."

Ṣàrífátù kò lọ. Ó kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ kan orúnkún Ìyá Kétu. Ó gbóná.

"Ìyá Kétu, ẹ ò bọ̀ o. Orí ìjókòó lẹ wà."

Ìyá Kétu wo ilẹ̀. 

"Òótọ́ ni," ló wí. "Mi ò lè dìde. Mo pè ọ́, o ò gbọ́. O ti lọ jìnnà."

Omi lé ròrò sójú Ṣàrífátù. "Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú, ọmọ mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Kí ló dé tí ẹ máa ń sọ pé ká máa lọ?"

"Ooru mú. Oorun ń kun ẹ̀yin náà. Mi ò fẹ́ kí ẹ dúró sínú oòrùn nítorí tèmi."

Ṣàrífátù nu ojú. "Ẹ máa sọ fún wa pé ká dúró. A máa dúró."

"A máa dúró," ni Benjamin wí.

"Ká ṣáà wá ibi tí òjìji wà," ni Rùkáyátù wí.

Ìyá Kétu rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò ní agbára.

Ṣàrífátù di apá ọ̀tún mú. Rùkáyátù di apá òsì mú. Benjamin bọ́ sẹ́yìn.

"Ó yá! Hẹ́ẹ̀-òò!"

Ìyá Kétu gbéra díẹ̀. Ó tún jókòó. Pùú!

"Ẹ tún un ṣe! Hẹ́ẹ̀-òò!"

Ó gbéra. Ó fì síhìn-ín. Ó fì sọ́hùn-ún. Ó dúró!

Benjamin gbé àpò. Ìyá Kétu fi ìborùn pọn Fàtáì sẹ́yìn Ṣàrífátù. Fàtáì kò tilẹ̀ jí. Ọmọ tó ń sùn sì wúwo!

Ìyá Kétu gbé ọwọ́ lé èjìká Rùkáyátù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Wọ́n rìn díẹ̀. Wọ́n sinmi. Wọ́n rìn díẹ̀. Wọ́n sinmi.

Nígbà tí Fàtáì wúwo jù, Rùkáyátù pọ̀n ọ́n. Nígbà tó rẹ Rùkáyátù, Benjamin pọ̀n ọ́n. Benjamin kò mọ bí a ti ń pọn ọmọ. Fàtáì ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí ẹja. Ṣàrífátù tún gbà á.

Wọ́n dé ọ̀nà ńlá. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Gbogbo wọn ló ń kánjú.

Fùùùn! Fùùùn! Pí-pí-pííì! Fùùùn!

Kò sẹ́ni tó dúró.

Ìyá Kétu gbé ẹsẹ̀ kan sójú títì. Fùùùùn! Alùpùpù kan kọjá níwájú rẹ̀ gan-an. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé aṣọ Ìyá Kétu.

Ìyá Kétu fa ẹsẹ̀ padà. 

Fàtáì jí. Ó rí ọ̀nà ńlá. Ó gbọ́ ariwo. Ó bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ lọ sílé! Mo fẹ́ lọ bá màmá!"

Ṣàrífátù náà fẹ́ sunkún. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó wo Ìyá Kétu. Ó wo Fàtáì.

"Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sí àárín," ló wí.

"Bíi tàwọn ẹfọ̀n?" ni Benjamin béèrè.

"Bíi tàwọn ẹfọ̀n."

Benjamin wo Ṣàrífátù. Ó wo Rùkáyátù. "Ṣùgbọ́n a ò pọ̀."

Wọn kò pọ̀ lóòótọ́.

Ṣàrífátù wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn ń bọ̀. Wọ́n ń wọ́ àpò nílẹ̀. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ wá o!" ni Ṣàrífátù pè wọ́n. "Ẹ wá ràn wá lọ́wọ́!"

"Ó rẹ̀ wá!" ni wọ́n dáhùn.

"Ó rẹ àwa náà!" ni Ṣàrífátù ké. "Ẹ wá!"

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Wọ́n wo ìyá arúgbó tí orúnkún rẹ̀ wú.

Wọ́n wá. Ọ̀kan. Òmíràn. Òmíràn.

Wọ́n fi Ìyá Kétu sí àárín. Wọ́n fi Fàtáì sí àárín. Àwọn yòókù di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n yí wọn ká. Wọ́n kọjú sí ìta.

Bàbá kan wà létí ọ̀nà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí àwọn sẹ́mí ń wọ̀, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Rájí ni orúkọ rẹ̀. Ó ti gbé èrò láti òwúrọ̀. Ó fẹ́ lọ sílé. Ó ti gun alùpùpù rẹ̀ tán. Ló bá rí àwọn ọmọ náà.

"Ẹ má tíì bọ́ sójú títì!" ló kígbe. "Ẹ dúró síbẹ̀!"

Wọ́n dúró.

Bàbá Rájí ti alùpùpù rẹ̀ sójú títì. Ó fi dábùú ọ̀nà. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ dúró! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dúró! Ìyá kan fẹ́ kọjá!"

Alùpùpù kan dúró. Kíì! Òmíràn dúró. Kíì! Takisí kan dúró. Kííìì!

Ẹnì kan fọn fèrè. Pííì! Bàbá Rájí wò ó. Ẹni náà mú ọwọ́ kúrò lórí fèrè.

"Ó yá, ẹ̀yin ọmọ," ni Bàbá Rájí wí. "Ẹ máa kọjá. Ẹ má kánjú."

Agbo náà sọ̀ kalẹ̀ sójú títì.

Ọ̀nà ńlá dákẹ́. Bàtà Ìyá Kétu nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́ọ́... wọ́ọ́... wọ́ọ́...

Kò sẹ́ni tó sáré. Kò sẹ́ni tó jáwọ́. Nígbà tí Ìyá Kétu bá dúró, gbogbo wọn á dúró. Nígbà tí Ìyá Kétu bá rìn, gbogbo wọn á rìn.

Ọkùnrin kan tó wà lórí alùpùpù bọ́ akoto lórí. "Ẹ rọra o, ìyá," ló wí.

Wọ́ọ́... wọ́ọ́... wọ́ọ́...

Wọ́n dé òdìkejì!

"Yééè!" ni àwọn ọmọ ké. Ariwo náà kò pẹ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n jù. Àwọn ọmọ ilé ìwé yòókù gba ọ̀nà ilé wọn lọ.

Fùùùn! Fùùùn! Ọ̀nà ńlá tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Rájí ti alùpùpù rẹ̀ bá wọn. "Ìyá, ẹ gòkè. Mo máa gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò gba nǹkan kan."

Ìyá Kétu wo alùpùpù. Ó wo àwọn ọmọ.

"O ṣé gan-an, ọmọ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Èmi àti wọn la jọ ń lọ."

Bàbá Rájí yán. Ó họ orí. Ó pa ẹ́ńjìnì.

"Ẹ jókòó sórí rẹ̀, ìyá. Mo máa tì í."

Ìyá Kétu jókòó sórí alùpùpù. Fàtáì jókòó níwájú rẹ̀. Bàbá Rájí ń ti alùpùpù. Ṣàrífátù, Benjamin àti Rùkáyátù ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí yanrìn bá di táyà mú, gbogbo wọn á jọ tì í.

"Pí-pí-pííì!" ni Fàtáì ń wí. Òun nìkan ló ti sùn tó.

Benjamin dé ilé tirẹ̀. "Ó dàárọ̀ o!" Rùkáyátù dé ilé tirẹ̀. "Ó dàárọ̀ o!"

Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń wo ọ̀nà tipẹ́tipẹ́. Nígbà tó rí wọn, ó fọwọ́ lé àyà.

"Alhamdulillahi! Níbo lẹ wà?"

Bàbá Rájí ran Ìyá Kétu lọ́wọ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu omi tútù fún un. Bàbá Rájí mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, gbọ́-gbọ́-gbọ́, ó sì lọ bá àwọn ọmọ tirẹ̀ nílé.

Màmá gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà kalẹ̀. Wọ́n jẹun.  Ṣíbí nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Kín. Kín. Kín.

Ṣàrífátù jẹun tán. Ó fi orí lé itan màmá.

"Màmá," ló wí, "a wo ẹfọ̀n lónìí."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Wọ́n pọ̀... Lẹ́yìn náà, wọn ò pọ̀ mọ́... Lẹ́yìn náà..."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?"

 Ṣàrífátù ti sùn lọ.

Màmá wo Ìyá Kétu. Ìyá Kétu na ẹsẹ̀ sórí ẹní. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tútù wà lórí orúnkún rẹ̀.

"Ìyá, kí ni wọ́n rí kọ́ níbẹ̀?" ni màmá béèrè.

Ìyá Kétu wo ọmọ tó ń sùn. Ó wò ó títí.

"Ẹsẹ̀ mi kọ̀ lójú ọ̀nà," ló wí. "Wọ́n ti lọ jìnnà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé. Wọ́n padà wá mú mi."

 Màmá fi ọwọ́ gbọn yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ Ṣàrífátù, ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Ó rọra gbé e lọ sí orí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Kétu.

Ìyá Kétu sún díẹ̀, kí àyè lè gba ọmọ náà.